Ohùn Làmídì Lẹ́nu Ẹyẹ

"Ìyá mi ooo! Ẹ ṣílẹ̀kùn, ebi ń pa mí!"

Ohùn Làmídì, àbúrò bàbá mi, ni. Ìyá mi, Sìfáwù, ń bu kókó gbígbóná sínú igbá lọ́wọ́. Igbá bọ́, kókó dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, kókó ń ṣàn láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi, Yésúfù, tó bu omi sẹ́nu láti fi fọ ẹnu, kò lè tu omi náà, kò sì lè gbé e mì. Èmi tí mò ń gbálẹ̀, mo ju ọwọ̀ sílẹ̀, mo sá sẹ́yìn ìyá mi. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni o. Oyé ti da eruku bo gbogbo Sabon Gari ní Zaria, èèyàn ò rí ilé kejì dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ohùn òkú ń bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ wa.

Làmídì ti kú. Wọ́n ti sin ín sí ẹ̀bá Minna, nítòsí ibi tí lọ́rì rẹ̀ ti dojú dé, lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Gbogbo wa nínú ilé yẹn la mọ̀, àfi ẹnì kan, ìyá tó bí i.

Láti inú yàrá ni ẹni náà ti dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù: "Làmídì, o ti dé? Wọlé, ọkọ mi. Oúnjẹ ń bẹ."

Ni nǹkan kan bá bú sẹ́rìn-ín lókè orí wa. Ẹyẹ ni. Odídẹrẹ́ ló wà nínú àgò rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka dongoyárò, ó dá orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi wá tu omi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. "Innalillahi," ló wí, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀.

Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó bá wa gbé ládùúgbò yẹn. Ẹ jí mi lójú oorun, màá kà wọ́n fún yín láti ìdí ọjà títí dé ẹnu ọ̀nà wa, àti ti Hausa àti ti Yorùbá, àti ti àwọn ọmọ wọn tó kú ní kékeré. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyá bàbá mi kò ní jáde lábẹ́ bírò mi. A ò pè é nígbà tó wà láyé, mi ò ní torí pé ó ti kú kí n wá máa pè é. Ìyá Àgbà ni.

Iṣẹ́ kúlíkúlí ló ń ṣe. Láti òwúrọ̀ ni òórùn ẹ̀pà yíyan ti máa gba ojúlé wa, tí ẹ bá dé kọ̀rọ̀ àdúgbò ẹ ó ti mọ̀ pé ó ti gbé agbada kaná. Á lọ̀ ọ́, á fún òróró rẹ̀, á yí i lọ́wọ́ bíi ìlẹ̀kẹ̀ ńlá, á wá dà á sínú òróró gbígbóná, táá máa hó ṣàà. Ẹyẹ yẹn mọ ariwo òróró náà. Kí Ìyá Àgbà tó da èyí tó kù sínú òróró, ẹyẹ á ti máa sọ "ṣàà" lókè igi, á sì na ọrùn, ó ń retí ẹ̀pà tirẹ̀.

Làmídì tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ló gbé ẹyẹ náà wá láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ilẹ̀ Yorùbá, nínú apẹ̀rẹ̀ obì, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Ìyẹ́ kò tíì bo àyà rẹ̀ tán. Ìrù rẹ̀ nìkan ló ti pọ́n, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ Hausa ládùúgbò ń pè é ní aku, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, "Aku, sannu!" Òun náà á ní, "Yauwa, sannu!" Wọ́n á sì sá lọ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Àárọ̀ kùtù ni Ìyá Àgbà ń kọ́ ọ, kó tó jẹun. Á mú ẹ̀pà sáàárín ìka méjì, á sọ ọ̀rọ̀, á dúró. Bí ẹyẹ bá sọ ọ́, ẹ̀pà dé. Bí kò bá sọ ọ́, ó dọ̀la. Ata wẹ́wẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú àwo rẹ̀, ó ní ata ni kì í jẹ́ kí ahọ́n ẹyẹ wúwo. Nígbà oyé, tí afẹ́fẹ́ Zaria gbẹ tó ń la èèyàn létè, á bu omi sẹ́nu, á fọ́n ọn sí i lára bí alágbàfọ̀ ṣe ń fọ́nmi sáṣọ kó tó lọ̀ ọ́. Ẹyẹ á ya ìyẹ́, á gbọn ara, inú rẹ̀ á dùn.

"Ọ̀rọ̀ téèyàn ò bá dá ẹyẹ lóhùn," ló máa ń wí fún mi, "ẹyẹ á gbàgbé ẹ ni, Rábì. Àwa èèyàn la máa ń rántí ohun tẹ́nikẹ́ni ò bi wá."

Kì í ṣe gbogbo ohun tó mọ̀ náà ló kọ́ ọ. Ladi, ọmọbìnrin Hausa tó ń kiri kósáì, ìyẹn àkàrà, ló jìyà jù. Ẹyẹ á fi ohùn Ìyá Àgbà gan-an pè é pé kó máa bọ̀, "Mai kosai, zo nan!" Ladi á wọlé, á sọ àwo kalẹ̀, kò ní sẹ́ni tó pè é. "Kai! Haba, aku!" Á gbé ọwọ́ lérí, ojú á ti Ìyá Àgbà, ó di dandan kó rà lára rẹ̀. Bàbá mi á ní, "Ìyá, ẹyẹ yín àti Ladi, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe."

Nínú gbogbo rẹ̀, ohùn Làmídì ló mọ̀ jù. Làmídì ń wa lọ́rì láti Ọ̀ffà wá sí Zaria, àfẹ̀mọ́jú ló máa ń wọlé. Kò ní kanlẹ̀kùn bí èèyàn gidi, á dúró síta, á fi igbe bọnu: "Ìyá mi ooo! Ẹ ṣílẹ̀kùn, ebi ń pa mí!" Ìyá Àgbà á ti máa dá a lóhùn kó tó rí bàtà rẹ̀. Làmídì á kọ́kọ́ lọ bá ẹyẹ, á fún un ní ẹyìn tó gbé wá láti ìsàlẹ̀, nítorí ẹyìn ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni òun àti ìyá mi á bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó wa, kí lẹ sè?"

"Ohun tí tìrẹ máa sè fún ọ lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ ẹ, Dírẹ́bà Mi! Ó ti pẹ́ tá a ti ń retí ẹ̀."

Dírẹ́bà Mi ni ìyá mi ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ èyí: ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, kódà kó bá ọmọ náà ní ìkókó. Orúkọ ẹ̀yẹ ló máa fún un. Làmídì ò tíì ga ju àdògán lọ nígbà tí ìyá mi wọlé wá, ó ń fi ìdérí ìkòkò wakọ̀ yí ilé ká, ni ìyá mi bá sọ ọ́ ní Dírẹ́bà Mi. Orúkọ wá di iṣẹ́. Mi ò gbọ́ kí ìyá mi pè é ní Làmídì rí, kódà nígbà tí inú bá ń bí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Gàníyù, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ Làmídì, wọlé, ó fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i létí. Bàbá mi ló kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà. Kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Rábì, mú Ìyá Àgbà lọ sọ́dọ̀ Asímáwù. Ní kó fún wọn ní ẹ̀pà tó ní òun ń tọ́jú pamọ́ fún wọn." Asímáwù ni alábàárò Ìyá Àgbà, òpin àdúgbò ló ń gbé. Kò tọ́jú ẹ̀pà kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú mi, ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó ná, ẹ̀pà ń bọ̀," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn tí kò lórí tí kò nídìí títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tá a padà dé, ojú ìyá mi wú. Ìyá Àgbà bi í pé kí ló dé.

"Èéfín ni, Ìyá."

Ìyá Àgbà wo àdògán. Eérú inú rẹ̀ funfun, iná ti kú láti àárọ̀. Ó lọ fi aṣọ bo àgò ẹyẹ bó ṣe máa ń ṣe lálaalẹ́, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó wọlé lọ.

Ẹ̀yìnkùlé ni bàbá mi kó wa jọ sí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé lọ́rì ti dà, pé Làmídì ti kú, pé wọ́n ti sin ín. Ó dà bíi pé ẹnì kan gbá mi létí, mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí mo wá gbọ́ lẹ́nu bàbá mi ni pé, "Ẹni tó bá sọ ọ́ fún Ìyá, òun ló pa á." Wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún arúgbó nílẹ̀ wa. Ìyá Àgbà ti sin ọmọ mẹ́ta ṣáájú, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Bàbá mi gbà pé bó bá gbọ́, ó máa tẹ̀lé Làmídì lọ. Ojú bàbá mi kò ní omi kankan nígbà tó ń sọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó ń ka òfin.

Irọ́ wá di iṣẹ́ ilé. A ní Làmídì ti gba ọ̀nà Kàmẹ́rúùnù lọ, pé ọ̀gá rẹ̀ ló rán an. Bàbá mi ń ra ẹyìn ní ọjà Sabon Gari, á ní Làmídì ló fi rán awakọ̀ kan. Ìyá Àgbà á gbà á, á gbóòórùn rẹ̀, á ní, "Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ," á sì kó o fún ẹyẹ.

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ńkọ́? A ò lè ṣe é nílé. Ilé ìbátan wa kan ní Gyellesu la ti ṣe é, a wọ aṣọ dáadáa jáde, a sọ fún Ìyá Àgbà pé ìsọmọlórúkọ là ń lọ. Àwọn àáfà ké àdúrà, ìyá mi fi ìborùn rẹ̀ dí ẹnu kí igbe má baà jáde. Nígbà tá a dé, Ìyá Àgbà ń dúró dè wá lórí àpótí rẹ̀.

"Ẹ kú àpèjẹ. Kí ni wọ́n sọ ọmọ?"

Kò sẹ́ni nínú wa tó ti ronú kàn án. Ohun tó jáde lẹ́nu bàbá mi ni, "Làmídì. Wọ́n sọ ọ́ ní Làmídì, Ìyá."

Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu. Ìyá Àgbà kàn mi orí. "Orúkọ rere ni," ló wí. "Kó pẹ́ láyé."

Ìgbà yẹn ni ẹyẹ bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kókó tí mo sọ yẹn ni àkọ́kọ́, àmọ́ kò dúró síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ohùn náà ń dán sí i. Ó wá di pé ẹyẹ ń hú ikọ́ tí Làmídì máa ń hú kó tó pariwo. Ó ń ṣe bí bàtà rẹ̀ ṣe máa ń dún lórí òkúta. Ìyá Àgbà á sì dáhùn láti yàrá, "Wọlé, ọkọ mi." Ìyá mi ò lè dáná lábẹ́ igi yẹn mọ́. Èmi, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màá ti ki ìka bọ etí. Bàbá mi ní, "Ẹyẹ yìí ló máa pa ìyá mi. Lọ́jọ́ kan, ó máa jáde wá wò ó, kò ní bá ẹnì kankan."

Ó lọ bá Bánkọ́lé. Yorùbá tiwa ni, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì tó wà ní Samaru, ìwé rẹ̀ ti kọjá ti tíṣà ṣùgbọ́n Tíṣà la ṣì ń pè é. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Òun náà gbé ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ wá láàárọ̀ Sátidé, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó ní òun wá yá ẹyẹ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Bàbá mi ní, "Ọjọ́ díẹ̀ ni, Ìyá, wọ́n á dá a padà."

Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀pà. Kò gbójú sókè. Tíṣà tú àgò sílẹ̀ lórí igi, ó gbé e dání. Ẹyẹ ń fò mọ́ igi àgò, ìyẹ́ ń já.

"Yésúfù."

"Ìyá."

"Ṣé o fẹ́ sin ín lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Mo gbọ́ èèpo ẹ̀pà tó bọ́ sílẹ̀.

"Ta ni, Ìyá?"

"Ta ni kẹ̀? Ọmọ tẹ́ ẹ lọ sọ lórúkọ ní Gyellesu."

Ìyá mi figbe ta, ó di orí mú. Bàbá mi kò yí padà bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó yí padà bí ẹni tí wọ́n gún ní nǹkan. Èmi ló kọ́kọ́ wò.

"Má wo ọmọ yẹn," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìyàwó ló sọ fún mi."

"Èmi! Ẹ̀mí mi, Ìyá! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò..."

"Ìwọ ni. Lọ́jọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ Asímáwù dé, mo lọ fi aṣọ bo ẹyẹ. Ó rọra fi ohùn rẹ ké sí mi lójú. 'Làmídì! Làmídì o! Làmídì!' Láti ọjọ́ tó o ti wọ ilé mi, ìyàwó, ǹjẹ́ o pe orúkọ yẹn rí?"

Ìyá mi ṣí gèlè sọ́wọ́. Ó mi orí.

"O ò pè é rí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń bi ara mi, kí ló lè gba irú ọ̀wọ̀ yẹn lẹ́nu obìnrin bíi tìẹ? Ohun kan ṣoṣo ni. Mo wọlé lọ."

Bàbá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ fún ta ni? Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sápamọ́ kí n má baà kú? Mo rí i pé iṣẹ́ yẹn ló ń gbé ìwọ ró, Yésúfù. Mo ní kí n bá ọ gbé e. Bẹ́ ẹ bá lọ sọ́jà ni mò ń sunkún tèmi. Màá kọ́kọ́ da aṣọ bo ẹyẹ, kó má baà kọ́ ọ."

"Ohùn yẹn ńkọ́?" Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìyá Àgbà, ohùn tó ń ké láàárọ̀?"

"Èmi ni mò ń kọ́ ọ, Rábì. Ó ti ń gbàgbé ẹ, kò sẹ́ni tó ń ké bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo mú ẹ̀pà dání. Tó bá ké, màá dáhùn, màá fún un. Ohun tó kù lára ọmọ mi nìyẹn, ẹ tún fẹ́ gbé e lọ sí Samaru."

Tíṣà ṣì gbé àgò dání láàárín ilé, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ìyá Àgbà wá rí i. "Tíṣà, gbé e kalẹ̀, apá á ti máa ro ọ́." Bó ṣe gbé e kalẹ̀, ẹyẹ tí jìnnìjìnnì ti bá náà pariwo, "Mai kosai, zo nan!" Ladi yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo lórí. Ó rí bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀, ó rí ìyá mi pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́. "Kai, me ya faru?" ló bèèrè, kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já lẹ́nu bàbá mi, ẹ̀rín burúkú kan, kò mọ bó ṣe máa dá a dúró, ó sì di ẹkún. Mi ò rí i kí bàbá mi sunkún rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ fa orí rẹ̀ mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ kún fún èèpo ẹ̀pà. "Sunkún," ló ń wí. "Àbúrò rẹ ni. Sunkún."

Asímáwù sáré dé. Àwọn ará àdúgbò dé, Hausa ń wí pé "Allah ya jikansa," kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. A wá ṣọ̀fọ̀ Làmídì nílé ìyá rẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tán. Ìyá Àgbà ò kú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ó sì tún wálẹ̀. Ó ṣì lo ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹyẹ ń ké lọ láràárọ̀. Ìyá Àgbà ń dáhùn. A ti mọ ohun tó jẹ́, síbẹ̀ àyà wa ṣì ń já. Òjò dé, ó lọ. Lọ́jọ́ kan, mo ń gbálẹ̀, ẹyẹ húkọ́, ó ké: "Ìyá mi ooo! Ẹ ṣílẹ̀kùn, ebi ń pa mí!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo ní bóyá oorun ló gbé Ìyá Àgbà lọ. Mo wẹ̀yìn. Ó wà níbẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà. Ẹyẹ tún ké. Ó na ọrùn, ó ń retí. Ọwọ́ Ìyá Àgbà kò dúró, kò sì yára. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, a jọ ń wo ara wa. Ẹyẹ ké ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn náà lọ sílẹ̀ díẹ̀, bí ohùn ẹni tó rò pé bóyá òun ò dé ilé tó yẹ. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìyá Àgbà dìde, ó bu omi sẹ́nu, ó fọ́n ọn sí i lára, ó sì fún un ní ẹ̀pà láìbèèrè ọ̀rọ̀ kankan. Kò tún dá ohùn yẹn lóhùn mọ́ títí ẹyẹ fi gbàgbé ẹ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá ń ròyìn rẹ̀, agbára Ìyá Àgbà ni mo máa ń ròyìn. Mo ti dàgbà báyìí, èmi náà ti sin ọkọ, mo ti sin àwọn àbúrò. Ohun tí mò ń rí báyìí ni obìnrin kan tó ń bo ẹyẹ mọ́lẹ̀ kó tó lè sunkún ọmọ rẹ̀, nínú ilé tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ mi wọlé tọ̀ mí wá, Ráfíù àti Mújìdátù. Wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n ra ọsàn, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti Iléyá, ṣùgbọ́n orí àga kan náà ni wọ́n jókòó sí, ejìká kan ejìká. Mi ò jẹ́ kí wọ́n kí mi tán.

"Èwo nínú àwọn ọmọ mi yòókù ni?" mo ní. "Múkáílà ni àbí Sèkínà?"

Ráfíù ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń wí? Kò sí nǹkan kan. A kàn ní ká wá..."

"Ráfíù. Èwo nínú wọn ni?"

Ó wolẹ̀. Mújìdátù ló sọ ọ́. Múkáílà, àkọ́bí mi, ló kú. Mo di apá àga mú, ojú mi ṣú, mo rò pé àyà mi ti là. Ráfíù dìde, ó ń fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n bọ́ síta, pé kí n má rí wọn bẹ́ẹ̀. Mo ní kó padà. Mo ní kí wọ́n jókòó síbi tí mo ti lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Wọ́n gbé mi dé ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì tún padà wálé. Oṣù ń gorí oṣù, ó ṣì ń bá mi lójijì láràárọ̀ bí ẹni pé mi ò tíì gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ẹkún ọmọ mi, nínú ilé mi la ti sun ún.